Bàtà fún Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ìrora

Bí ẹnìkan bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, mo máa ń dáhùn pé bàtà ni mo rán. Wọ́n á ní, "Ẹn-ẹ́n, ṣúméékà ni yín nígbà náà, Bàbá." N kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa mú, ẹ jẹ́ kí n là á fún yín bó ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí mo sì ń fi ẹ̀rín dá a kọjá. Àwọn tí àrùn ẹ̀tẹ̀ ti bá jà ni mo rán bàtà fún. Láti Fìdítì níbí dé Ìlorà, láti Ìwàrè dé Ìmíní àti Akinmọ́rìn, ọdún márùndínlógójì gbáko.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́fà, owó kò sí láti tẹ̀ síwájú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ń ṣọ́ géètì ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn ìlú ló sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ iṣẹ́ bàtà níbẹ̀. Mo lọ. Owó oṣù náà kò tó nǹkan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì tó nǹkan nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Dáníẹ́lì ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti ní ẹ̀tẹ̀ nígbà èwe, kí oògùn tó wò ó sàn. Ìka méjì ló kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún pé, ṣùgbọ́n kò sí ìka kan nínú gbogbo wọn tó mọ ohun gbígbóná yàtọ̀ sí ohun tútù. Ẹni tó sì ń rán bàtà nìyẹn o, tí fọ́nrán òwú rẹ̀ ń tò bí ẹni fi rúlà fà á.

Lọ́jọ́ kìíní, mo jókòó sétí ilẹ̀kùn. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé pé kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun. Bàbá àgbàlagbà kan wọlé, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì síwájú, ẹsẹ̀ tó sán, tó ní egbò lábẹ́. Ọ̀gá Dáníẹ́lì gbé ọpọ́n omi síwájú mi.

"Wẹ ẹsẹ̀ wọn."

Mo ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ bàtà ni mo wá kọ́."

"Ẹsẹ̀ wo lo fẹ́ rán bàtà fún, ẹsẹ̀ tí o kò fọwọ́ kàn rí?"

N kò dìde. Ó kàn dúró lórí mi títí omi náà fi ń tutù. Bàbá àgbàlagbà yẹn ló wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, Dáníẹ́lì. Ẹ̀rù ń bà á. Èmi náà, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lára mi." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, tí wọn kò bínú, ni ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo wẹ ẹsẹ̀ náà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wẹ ẹsẹ̀ kí Ọ̀gá Dáníẹ́lì tó fún mi lábẹ́rẹ́.

Ìgbà tí mò ń wẹ ẹsẹ̀ yẹn ni mo mọ ohun tí àrùn náà í ṣe. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan tí ń jẹ́ kéèyàn mọ ìrora ló ń pa. Ẹni tí kò bá mọ ìrora á fọwọ́ gbé ìkòkò kúrò lórí iná, á tẹ àfọ́kù ìgò, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Egbò tí kò mọ̀ pé òun ní ló máa ń jẹ ìka tán. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́gùn-ún ní í ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ lọ. Ọ̀gá Dáníẹ́lì á ní, "Tí ẹlẹ́gùn-ún ò bá wá mọ̀ pé ẹ̀gún wà lẹ́sẹ̀ òun ńkọ́? Alábẹ ló máa ṣe lákáǹlàkà wá a lọ." Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan kò bá wá gba bàtà lọ́jọ́ tá a dá, a ó gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a nílé.

Ó le, ọkùnrin yẹn. Ọjọ́ kan, mo da agolo gọ́ọ̀mù nù sílẹ̀, mo sì fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní wọ́n ní adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Ṣé èmi náà ti fẹ́ di ọ̀kan ni? Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò gbá mi létí. Ó mú bàtà tí mo ń rán lọ́wọ́ mi, ó tú gbogbo rẹ̀, ó ní kí n tún un rán. Nígbà tí mo rán an tán, ó tún tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó tì mí, ó ní, "Jìmọ́ọ̀, ẹni tó pa òwe yẹn kò dúró kọ́ adẹ́tẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà."

Òfin rẹ̀ tó ga jù ni pé ìṣó kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Òwú àti gọ́ọ̀mù nìkan. Nígbà tí bàtà bá parí, yóò gbé e sókè, yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ra ibi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló ṣì ń mọ nǹkan lára rẹ̀. Bí ibì kan bá rí ṣákaṣàka, bàtà náà kò ní jáde.

Nílé, ìyá mi ya abọ́ mi sọ́tọ̀. Wọn kò sọ fún mi. Mo kàn rí i pé abọ́ aláwọ̀ ewé kan ni wọ́n ń fi bu oúnjẹ fún mi nígbà gbogbo, pé orí fèrèsé ni wọ́n ń gbé e sí. Ilé méjì ni mo ti fẹ́ ìyàwó tí wọ́n dá mi padà kí n tó rí ìyá àwọn ọmọ mi. Èmi tí n kò lárùn o. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ dúró ti ẹni tí ayé ń sá fún, ayé lè sá fún òun náà díẹ̀.

Ó tó ọdún keje tí mo ti wà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọkùnrin kan wà ní Ìmíní, Làmídì ni orúkọ wọn gan-an, Bàbá Làmídì la máa ń pè wọ́n. Wọn kò tíì dàgbà púpọ̀ nígbà náà, àgbẹ̀ iṣu tó lágbára ni wọ́n. Nígbà tí àbàwọ́n ẹ̀tẹ̀ jáde sí wọn lẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì mọ nǹkan mọ́, Sìfáwù ìyàwó wọn gbé ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Mùfú, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó gba Ìbàdàn lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀. Bàbá Làmídì ń lo oògùn, wọ́n ń kọ ebè, wọ́n ń dá gbé. Wọn kò pa ọjọ́ àtiwá gba bàtà jẹ rí.

Ní àsìkò òjò kan, wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀, okùn bàtà ọ̀tún ti já. Ọ̀gá Dáníẹ́lì kò sí níbẹ̀, ó lọ sí àpéjọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òwú tó nípọn ti tán lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún Bàbá Làmídì pé kí wọ́n padà wá lọ́la.

Wọ́n ní, "Jìmọ́ọ̀, àwọn alágbàṣe mẹ́ta ló ń dúró dè mí lóko. Bá mi fi nǹkankan dì í mú."

Ìṣó kéékèèké wà nínú agolo kan tí káfíńtà ilé ìwòsàn gbàgbé sílẹ̀. Mo mú méjì. Mo fi wọ́n kan okùn náà mọ́ bàtà, mo fi hámà tẹ orí ìṣó wọlé, mo fọwọ́ ra inú bàtà náà, ó dán. Mo ní, "Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú, kí n yọ ọ́, kí n rán an dáadáa." Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n lọ.

Ọjọ́ Àìkú dé, wọn kò wá. Mo ní òjò ló dá wọn dúró. Ọ̀gá Dáníẹ́lì padà dé, n kò sọ fún un. Iṣẹ́ pọ̀, mo sì gbàgbé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: n kò lọ wò wọ́n. Mo gbàgbé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí nọ́ọ̀sì wa tó lọ sí Ìmíní, tó bá wọn nínú ilé pẹ̀lú ibà. Ìṣó kan ti yọ orí sókè, ó ti wọ inú ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ti fi í kọ ebè, wọ́n fi í rin oko lọ rin oko bọ̀, wọn kò mọ̀. Ẹsẹ̀ náà ti rà dé egungun. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn ńlá, àwọn dókítà ní àfi kí wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún kí ẹ̀mí má bàa lọ sí i. Wọ́n gé e.

Nọ́ọ̀sì gbé bàtà náà wá fún Ọ̀gá Dáníẹ́lì. Ó wò ó títí. Mo ti ń retí pé yóò lù mí, mo sì fẹ́ kó lù mí. Ó ní, "Ṣé wọ́n mọ̀?"

Mo ní, "Wọ́n rò pé àrùn náà ló jẹ ẹsẹ̀ wọn."

"Lọ sọ fún wọn."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́."

"Bí o kò bá lọ, má padà síbí. Kì í ṣe nítorí ìṣó o. Ìṣó, èèyàn lè ṣèèṣì."

Ọ̀nà Ìmíní kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tún gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo bá Bàbá Làmídì lórí ẹní, ẹsẹ̀ tí wọ́n gé wà lórí ìrọ̀rí. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ibi agolo káfíńtà. Mo sọ pé mo gbàgbé.

Mo ń gbọ́ àwọn adìẹ níta. Lẹ́yìn náà Bàbá Làmídì ní, "Mo ti ń bá Ọlọ́run jà lórí ẹsẹ̀ yìí láti ọjọ́ yìí wá." Wọ́n wá ní, "Ta ló ń ro oko mi?"

Mo ní, "Bàbá, n kò mọ̀."

"Kò sẹ́ni tó ń rò ó. Koríko ti bo iṣu."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọkọ́, mo lọ ro oko náà. Mo tún lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń lọ, títí wọ́n fi mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹsẹ̀ igi, tí wọ́n sì rí alágbàṣe tó dára. Bàbá Làmídì kò sọ fún mi rí pé àwọn dárí jì mí. Wọ́n á kàn gbé àmàlà síwájú wa méjèèjì nínú abọ́ kan nígbà tí mo bá ti oko dé. Mo jẹ ẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń jẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Táyà mọ́tò àlòkù ni a fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tẹ́lẹ̀. Fóòmù dúdú kan dé, tó rọ̀ bí ẹran ara. Ẹ̀rọ tó ń rán awọ dé. Kẹ̀kẹ́ di alùpùpù. Oògùn tí àwọn èèyàn ń gbé mì fún ọ̀pọ̀ ọdún di èyí tí wọ́n tò sínú páálí, oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, ọ̀fẹ́ ni, àrùn náà a sì kúrò lára pátápátá. Kódà, láìpẹ́ tí ẹni náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni kò ti ní lè ran ẹlòmíì mọ́. Mo rò pé ìtìjú náà máa bá àrùn lọ. Kò lọ.

Tíṣà kan ní Ìlorà ló là mí lójú. Obìnrin ni, Tíṣà Àjọkẹ́. Wọ́n tètè rí àrùn náà lára rẹ̀, ó lo oògùn rẹ̀ parí, ìka rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kò mọ nǹkan. Mo rán bàtà fún un, mo gbé e lọ. Ó wò ó bí ẹni wo ejò.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. N kò lè wọ̀ ọ́."

"Kí ló ṣe é? Ṣé ó fún ọ ni?"

"Kò fún mi. Gbogbo àdúgbò ló mọ bàtà yìí. Ọjọ́ tí mo bá wọ̀ ọ́ dé kíláàsì, àwọn òbí á wá kó ọmọ wọn."

Òótọ́ ló sọ. Irú bàtà kan náà ni a ń rán fún gbogbo èèyàn, tó fẹ̀, tó nípọn, tó ní okùn méjì. A ti ń dá ẹsẹ̀ wọn sí, a sì tún ń fi wọ́n han ayé. Mo lọ sí ọjà òkìrìkà, mo ra bàtà dúdú tí àwọn tíṣà máa ń wọ̀. Mo tú u, mo yọ inú rẹ̀, mo fẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé fóòmù síbẹ̀, mo rán an padà débi pé ẹni tó ṣe é ní òkè òkun kò lè mọ̀ pé ẹnìkan fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá Dáníẹ́lì ti darúgbó nígbà náà. Mo gbé e lọ hàn án nílé, kò dùn mọ́ ọn. Ó ní, "Àbí a wá ń kọ́ wọn láti máa fara pamọ́? Èmi, n kò fi ọwọ́ mi sápò rí."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lágbára. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lágbára, wọ́n sì ní ẹsẹ̀."

Ó gbé bàtà náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó rà á lọ, ó rà á bọ̀. Ó ní rírán rẹ̀ dára. Lórí èyí tó kù, a kò fẹnu kò títí ó fi kú. Títí di òní, n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé èmi ló jàre. Ṣùgbọ́n Tíṣà Àjọkẹ́ kọ́ àwọn ọmọ Ìlorà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sí egbò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, n kò rán bàtà fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bi í pé, "Irú èwo lo fẹ́ kí wọ́n máa rí lẹ́sẹ̀ rẹ?"

Mo ti fẹ̀yìn tì ní ìgbà tí fóònù mi dún ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá. Bàbá Làmídì ti kú. Mo gun ọ̀kadà, mo dé Ìmíní kí oòrùn tó mú. Èrò wà níta, kò sẹ́nì kankan nínú yàrá. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Làmídì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí wọ́n ká òkú náà sínú aṣọ bẹ́ẹ̀ láìwẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì sin ín sí etí oko, dípò itẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí ìlú wà. Ọ̀dọ́ ni Àáfà tí wọ́n pè. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé kò ní ràn mí?"

Mo ní, "Àáfà, àrùn yẹn ti kúrò lára wọn kí wọ́n tó bí yín. Àpá lẹ máa rí. Àpá kì í ràn. Ẹ jẹ́ ká jọ wọlé, ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn, èmi á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án."

Ó wò mí lójú, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. A wọlé. A gbé omi, a ta aṣọ bo bàbá náà láti ìdodo dé orúnkún bó ṣe yẹ. Àáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Bìsìmílà ni ẹnìkan dí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó ti ní ewú díẹ̀ lórí ni, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. N kò rí i rí, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní Mùfú níta. Gbogbo ọdún yẹn, ó ń fi owó ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ láti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá rí.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ibí yìí ni n ó dúró sí."

"Kí ló dé tí o kò fi wọlé?"

"Wọ́n ní bí mo bá fọwọ́ kàn án, á ran àwọn ọmọ mi."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi."

"Ìyá rẹ kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbí nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbé sá. N kò bá a wí." Mo gbé igbá omi náà lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ìwọ, ó ti tó gẹ́ẹ́. Bàbá yìí ló bí ọ."

Àáfà ti dá ọwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, Mùfú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ lásán sórí ilẹ̀ yàrá náà.

Ẹsẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi wò. Mo lè gbàgbé ojú èèyàn, n kì í gbàgbé ẹsẹ̀. Ọmọ ìka kejì Mùfú gùn ju àtàǹpàkò lọ, àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ sínú díẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá Làmídì gan-an nìyẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ mi lódindi ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n, kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní Ìmíní lọ́jọ́ náà, bóyá èmi nìkan ló kù tó rántí bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe rí. Àní ọmọ náà kò rántí rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo sì ní láti gbé igbá sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, kí ló ṣe yín?"

Mo ní, "Wo ẹsẹ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ni. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn nígbà tó pé."

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Áńkáṣíìfù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mú un. Ó wá kúnlẹ̀ tì wá.

"Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, Àáfà?"

Àáfà rọra dáhùn pé, "Ọwọ́ ọ̀tún."

Ó gbé ọwọ́ bàbá rẹ̀, ọwọ́ tí ìka ti tán lórí rẹ̀, ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀. Mo da omi sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́.